Eṣinṣin Tó Bá Ọjà Wọ̀lú: Bí Ìdin Ṣe Kún Inú Máńgòrò Wa

Ìdin inú máńgòrò kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe èpè. Ó ní ìtàn. Eṣinṣin èso ti wà nílẹ̀ Áfíríkà tipẹ́, àmọ́ èyí tó ń ba máńgòrò jẹ́ jù lónìí, àlejò ni. Éṣíà ló ti wá.

Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Kẹ́ńyà. Ní 2004, ó ti dé orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá. Ní 2005, àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Bactrocera invadens. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju ẹni tó gbógun wọ̀lú lọ. Kó tó di 2008, àwọn onímọ̀ NIHORT n'Íbàdàn ti rí i ní Nàìjíríà. Ní 2015, wọ́n wá fi hàn pé kò yàtọ̀ sí Bactrocera dorsalis tí wọ́n ti mọ̀ ní Éṣíà látijọ́. Orúkọ ló yí padà, ìwà ò yí.

Báwo ló ṣe rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ó ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló gbé e jù. Èso tó ní ẹyin nínú lè máa dán lójú. Wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á gbé e, ó di ìlú míì. Ẹ rántí ọjà Apòmù láyé àtijọ́, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọ̀rọ̀ ọjà yẹn wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé, wàhálà náà mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe ń ṣe é rèé: abo á gún èso, á yé ẹyin sábẹ́ èèpo. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2, ẹyin á di ìdin. Èso á rọ̀, á já bọ́, ìdin á wọ ilẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di eṣinṣin, ó tún gba orí igi lọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, a mọ ohun tí à ń fi ṣe: dòdò Ìkirè. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra máńgòrò tí ìdin ń rìn nínú rẹ̀? Owó àgbẹ̀ ló ń jẹrà nílẹ̀ yẹn.

Kò sì mọ sórí máńgòrò. Ó ń jẹ gúáfà àti òro, títí kan fúrúùtù tí à ń jókòó sábẹ́ ìbòòji rẹ̀. Tí àgbẹ̀ kan bá ṣa oko tiẹ̀, tí aládùúgbò ò ṣa tiẹ̀, eṣinṣin á kàn yà wá ni. Ọ̀rọ̀ oko ẹnì kan kọ́, ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣa èso tó bá já bọ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má dà á sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ẹ má di èso tútù sínú báàgì. Láti oṣù kẹsàn-án 2019, àjọ EU ti ń béèrè ẹ̀rí lórí eṣinṣin èso kí máńgòrò tó wọ ilẹ̀ wọn.

Àlejò yìí ò ṣetán àtilọ. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú bíbọ́ ọ.