Aṣọ́lé méjì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ́lé ni mo gbé wá lónìí, àwọn tó ń dúró láàrin òpó méjì nígbà tí àwọn yòókù ń sáré. Bí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá pàdánù bọ́ọ̀lù márùn-ún, tó wá gbá ẹ̀kẹfà wọlé, akọni ni. Bí aṣọ́lé bá mú mẹ́wàá tí ẹyọ kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹyọ kan yẹn la óò máa rántí.

Peter Rufai, Dodo Mayana, ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, ọba Ìdímù sì ni bàbá rẹ̀. Ó ṣọ́lé fún Stationery Stores àti Femo Scorpions. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé kí ó tó dé Yúróòpù, ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ yà sí. Ní 1986 ó kọjá ààlà wá sí Bẹ̀nẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Dragons de l'Ouémé ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀m ní 1987. Ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbé ọjà gbà lójoojúmọ́ ni òun náà kọ́kọ́ gbà.

Ní oṣù Kẹrin 1994, Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis. Rufai ló wà lójú ilé. Pẹnáritì ni wọ́n fi borí Côte d'Ivoire kí wọ́n tó pàdé Zambia ní àṣekágbá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹnáritì tún dé, ó sì gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1994, ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà ń na Ítálì ní 1-0. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí ni Roberto Baggio dá a padà. Ní àfikún àkókò, Baggio yìí kan náà gbá pẹnáritì wọlé. Ilé ni Nàìjíríà gbà lọ.

Ní 1997 Rufai dé Deportivo La Coruña ní Sípéènì. Jacques Songo'o, ará Kamẹrúùnù, ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyè sílẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni ẹni tó ti gba ife Áfíríkà ń jókòó sí, tó ń gbáradì lójoojúmọ́ fún eré tí ó lè má kàn án. Ní 1998 yẹn náà ni ọ̀rọ̀ oyè bàbá rẹ̀ dé. Kò gbà á, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, òun ló ṣọ́lé nígbà tí Nàìjíríà na Sípéènì ní 3-2 ní Nantes. Aṣọ́lé Sípéènì lọ́jọ́ náà ni Andoni Zubizarreta, àgbà tí ó ti gbá eré tó lé ní ọgọ́rùn-ún fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan tí Garba Lawal gbá kọjá níwájú ilé ló fọwọ́ ara rẹ̀ tì wọlé. Ẹyọ kan yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá gòkè wálé. Láti Kútọnu, bí ẹ bá dé Ìdáàṣà láàrin òkè mọ́kànlélógójì, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Savalou, ìkejì gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou. Ní Assanté, lábẹ́ Glazoué, ni wọ́n bí Saturnin Allagbé sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 1993. Kò tíì pé ọmọ oṣù márùn-ún nígbà tí Rufai gba ife ní Tunis. Òun náà di aṣọ́lé, ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Niort ní Faransé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2019, Bẹ̀nẹ̀ pàdé Mòrókò ní Cairo. Títí di ọjọ́ náà, Bẹ̀nẹ̀ kò tíì borí nínú eré kankan ní Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Moïse Adilehou gbá ọ̀kan wọlé, Youssef En-Nesyri dá a padà. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Mòrókò gba pẹnáritì. Hakim Ziyech gbá a, òpó ló bà. Khaled Adénon gba káàdì pupa, ó wá ku àwọn ọmọ wa mẹ́wàá. Allagbé àti àwọn tó kù dì í mú títí ó fi di pẹnáritì. Bẹ̀nẹ̀ gbá mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Mòrókò gbá mẹ́ta, ẹyọ kan ló wọlé. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n gééré sí ọjọ́ Baggio ni.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Sẹ̀nẹ̀gà na Bẹ̀nẹ̀ ní 1-0. Ní 2020 Allagbé lọ sí Dijon. Rufai ní tirẹ̀ jáde láyé ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2025.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Rufai ń ṣọ́lé ní Àjàṣẹ́ ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn ìwé ìròyìn Yúróòpù ti kọ ti Lokeren àti ti Deportivo sílẹ̀. Ti Àjàṣẹ́, inú àwọn bàbá yẹn ló wà. Kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa. Kí ẹ má sì jẹ́ kí Allagbé dàgbà kí ẹ tó bi àwọn ará Assanté léèrè tirẹ̀.