Ohun Tí Àwọn Agbanisíṣẹ́ Ń Fẹ́: Ìwádìí Lórí Ẹ̀kọ́ Gíga àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ẹnu Iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba apá kan rẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń gba apá yòókù níbi tí iṣẹ́ gan-an ti ń lọ lọ́wọ́, yálà ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì, ilé ìwòsàn, báńkì tàbí oko ńlá. Ọ̀dọ́ tí kò tíì níṣẹ́ lè kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí sí i láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, lè kọ́ ọ pẹ̀lú. Kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá àwọn agbanisíṣẹ́ ń fẹ́ ẹ. Bí kò bá mọ̀, owó òbí, ọdún ọ̀dọ́ àti owó ìjọba ni yóò ṣòfò. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé bí a ṣe ń ṣe ìwádìí náà, àti ohun tí ará ìlú lè rí fà yọ nínú rẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ télọ̀, mẹkáníìkì tàbí oníṣẹ́ irun ń fi ojú rí iṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ ṣe é, ọ̀gá rẹ̀ a sì ṣe ayẹyẹ ìgbòmìnira fún un nígbà tí ó bá parí. Ẹni tí ń kọ́ni níbẹ̀ náà ni ẹni tí ó mọ ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Kò nílò ìwádìí kankan. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ wà ní Ìlaròó, tí ẹni tí yóò gbani síṣẹ́ wà ní Ọ̀tà, tí àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Ní ìpínlẹ̀ wa, iṣẹ́ ló ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́ dé: ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1960, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún 1979 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tí ó wà ní Abẹ́òkúta àti ti Ìlaròó sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó máa rìn lọ bá ilé-iṣẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní ọdún 1971 ni ó fi òfin dá àjọ tí ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ITF, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Jos. Ní 1973 ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní I.T. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ń lo oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀, ti yunifásítì tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì ń lo oṣù mẹ́fà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ND ní láti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kí ó tó padà wá fún HND. Ètò tí ó dára ni lójú tiwa, ṣùgbọ́n ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ni ó ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lẹ́tà kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a sì máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì títí oṣù fi pé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti mọ iye àyè tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, àti irú iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀, kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, apá púpọ̀ nínú ìyà yìí kì bá tí sí.

Báwo ni a ṣe ń béèrè? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a bi agbanisíṣẹ́ pé: ǹjẹ́ ẹ rò pé ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì? Kò sí ẹni tí yóò sọ pé rárá, nítorí ìdáhùn náà kò ná an ní kọ́bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbára lé e yóò kó ìwé ìbéèrè jọ tí gbogbo rẹ̀ kún fún “bẹ́ẹ̀ ni”, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn, àga yóò ṣófo. Ó sàn kí a béèrè ohun tí agbanisíṣẹ́ ti ṣe ju ohun tí ó ń rò lọ. Òṣìṣẹ́ mélòó ni ẹ wá láàrin oṣù méjìlá tó kọjá? Iṣẹ́ wo ni ó pẹ́ jù kí ẹ tó rí ẹni tí yóò ṣe é? Ṣé láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni ẹ ti mú un wá, tàbí láti ilẹ̀ òkèèrè? Òṣìṣẹ́ mélòó ni ẹ sanwó ẹ̀kọ́ fún lọ́dún tó kọjá, èló sì ni ẹ san? Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni a lè wá béèrè nípa ọjọ́ iwájú, síbẹ̀ kí ìbéèrè náà ní ìnáwó nínú: ṣé ẹ óò yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ yín ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láì gé owó oṣù rẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, tí yóò sì máa fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀? Agbanisíṣẹ́ tí ó bá lè dárúkọ ẹni náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ó tún dára kí a béèrè iṣẹ́, kí a má béèrè orúkọ ìwé-ẹ̀rí. Bí a bá béèrè ìwé-ẹ̀rí, ìdáhùn tí a óò gbà ni HND tàbí B.Sc., nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́. Bí a bá béèrè iṣẹ́, a lè gbọ́ pé ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ṣe ni wọ́n ń wá, tàbí ẹni tí ó lè jó irin kí ojú rẹ̀ má sán. Irú ìmọ̀ báyìí lè má nílò ọdún mẹ́rin rárá. Àjọ NBTE, tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí, ní ètò ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ tí ó ní ìpele mẹ́fà, níbi tí a ti ń dán ènìyàn wò lórí ohun tí ó lè fi ọwọ́ ṣe. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí a bi léèrè tún wà níbẹ̀. Ọ̀gá tí ń gbani síṣẹ́ mọ iye àyè tí ó ṣófo. Fọ́máànù tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ni ó mọ ohun tí àwọn ọmọ tuntun kò lè ṣe. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló mọ̀ bóyá òun lè kàwé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá. Bí a bá gbọ́ ti ẹnì kan nínú wọn nìkan, ìwádìí náà kò pé. Bákan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó rọrùn láti kàn sí, nítorí wọ́n ní ọ́fíìsì àti àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré tí kì í polówó iṣẹ́ rárá. Ẹnu ni wọ́n fi ń wá òṣìṣẹ́. Olùwádìí tí ó jókòó ti ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní rí wọn. Ó ní láti fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fọ́ gààrí.

Bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀ lè yí èsì padà pátápátá. Iléeṣẹ́ ètò ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí kò níṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ní ìdá 4.1 ni. Ìlànà kíkà ni ó yí padà: ẹni tí ó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè láàrin ọ̀sẹ̀ kan ni a ń kà sí ẹni tí ó níṣẹ́ lábẹ́ ìlànà tuntun náà. Ẹni tí ó bá fi iye méjèèjì wéra láì mọ èyí yóò ṣi ọ̀nà. Síbẹ̀, àìníṣẹ́ àti àìrí-òṣìṣẹ́ lè wà pọ̀. Ìwádìí tí ITF àti UNIDO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́, jọ ṣe lórí ẹ̀ka ọrọ̀ ajé mẹ́fà fi hàn pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó ṣòro láti rí ẹni ṣe nítorí àìtó ìmọ̀ iṣẹ́.

Kí ló dé tí agbanisíṣẹ́ tí ó ń kérora kì í fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kọ́ ọ tán, ilé-iṣẹ́ kejì yóò fi owó díẹ̀ lé e, yóò sì gbà á lọ. Ìbẹ̀rù yìí kò burú, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé e gbà ni kí gbogbo agbanisíṣẹ́ dá owó jọ. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ àtúnṣe òfin ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí iye ọjà rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF. Ẹni tí ó bá sì ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí ìlànà ti wí lè béèrè pé kí a dá apá kan owó náà padà fún òun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn tí owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó sì kàn; owó yẹn ni òṣìṣẹ́ mìíràn fi ń gba oyè yunifásítì lẹ́nu iṣẹ́. Lójú wa, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùwádìí máa bi ilé-iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni bóyá ó ti béèrè fún ìdápadà owó yìí rí, àti bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló fà á.

Òbí tàbí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ sanwó fún ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ lè fi ọgbọ́n kan náà yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò. Kí ó béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti gba akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ ní òun “ń bá sọ̀rọ̀”. Kí ó béèrè ibi tí àwọn tí ó jáde lọ́dún méjì sẹ́yìn wà báyìí. Kí ó sì rí i dájú pé àjọ NBTE tàbí àjọ NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an, nítorí ìfọwọ́sí ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, kékeré àti ńlá, bí olùwádìí bá tọ̀ yín wá, ẹ ní kí ó fi lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iléeṣẹ́ tí ó rán an hàn, kí ó sì sọ ohun tí yóò fi ìdáhùn yín ṣe. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yín. Iye àyè iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ ni ìwádìí yìí nílò. Ẹni tí ó bá ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì tàbí BVN kì í ṣe olùwádìí, ẹ má dá a lóhùn.