Kí Akọ́létà Tó Dé Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀bi ilé ọ̀wọ́n l'Ékòó, orí akọ́létà ni wọ́n máa ń dà á lé. Wọ́n ní òun ló gbówó lé ilẹ̀ Lẹ́kí, òun ló lé mẹ̀kúnnù dé Ìkòròdú. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n dì í rù. Ìjọba ló kọ́kọ́ ya olówó àti aláìní sọ́tọ̀ nínú ìgboro lórúkọ àtúnṣe ìlú. Akọ́létà kàn gba ọ̀nà tó ti bá nílẹ̀ ni.

Nínú agbolé Ìsàlẹ̀ Èkó àtijọ́, oníṣòwò tó ti là, àbúrò rẹ̀ tí kò ríṣẹ́, opó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ló jọ ń lo àgbàlá kan. Ẹni tí kò lówó kò san rẹ́ǹtì, torí ilé bàbá rẹ̀ ló wà. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ há, kò sì mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, òun ló sì mú kí ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú, LEDB (Lagos Executive Development Board), sílẹ̀ ní 1928. Kò sí ẹni tó lè ní kò yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni ká yẹ̀ wò. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ń bọ̀, tí ojú sì ń ti àwọn aláṣẹ nítorí bí olú-ìlú ṣe rí, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó. Nǹkan bí éékà 70 ni wọ́n lérò láti tún ṣe. Wọ́n kó àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Súrùlérè.

Peter Marris, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò ní gbùngbùn Èkó àti ní Súrùlérè, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé rẹ̀ l'Ékòó kò rí oníbàárà mọ́ ní Súrùlérè. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè ẹni tó bá ṣì ń lọ sọ́jà láti ibẹ̀. Àgbàlagbà tí ọmọ àti àbúrò ń bọ́ di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ wọn padà, ṣùgbọ́n iye tó ju owó gbà-má-bínú lọ ni. Ilẹ̀ ẹbí ló sì pọ̀ jù: kí wọ́n tó pín owó náà fún ogún ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ta ni ìpín rẹ̀ á tó fi kọ́lé?

Àyè yẹn ni owó aládàáni gbà wọlé. Ní agbègbè ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun, akọ́létà á bá ẹbí tó nílé àtijọ́ ṣàdéhùn: ẹbí á mú ilẹ̀ wá, òun á mú owó wá. Á wó ilé, á kọ́ pílásà, á sì máa gba rẹ́ǹtì ibẹ̀ fún iye ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, òkè di ibi ìkẹ́rùsí. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin, ó di mẹ́gáàdì nìkan. Mi ò rí ìkà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń pawó ju yàrá ìyá arúgbó lọ, oníṣòwò sì ni akọ́létà. Ní Màrókò, àdúgbò àwọn aláìní l'Ékòó, pẹ̀lú, kì í ṣe akọ́létà ló gbé katapílà wá ní oṣù Keje ọdún 1990. Gómìnà ológun, Raji Rasaki, ló fún àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù tó 300,000 ní ọjọ́ méje péré. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé olówó ńlá hù síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ìjọba kò lówó, pé láìsí akọ́létà, kò sí àtúnṣe. Mo gbà. Ilé tí Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ láàárín 1979 sí 1983, ní Abẹ́sàn, Ìsọlọ̀ àti Àmúwo, ṣì wúlò dòní, àmọ́ àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e kò kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti jáde, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé lè sọ ohun tó fẹ́. Ní Atlanta, l'Ámẹ́ríkà, wọ́n wó Techwood Homes, ilé ìjọba tó ti wà láti 1936, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì kọ́ Centennial Place síbẹ̀ láti 1996. Nǹkan bí ilé 40 nínú 100 jẹ́ ti aláìní, wọ́n dín owó nǹkan bí 20 kù, ìyókù sì jẹ́ iye ọjà. Kì í ṣe àánú ló mú wọn ṣe é: owó ìjọba wà níbẹ̀, àdéhùn sì ti là á sílẹ̀. Kò pé, torí ọ̀pọ̀ àwọn ará àtijọ́ ni kò padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún máa ń sọ pé olówó kò ní fẹ́ bá tálákà gbé. Àbí? Dírẹ́bà àti agbọ́únjẹ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí aláìní wà nítòsí kò bí i nínú rí. Ohun tí olówó kò fẹ́ ni kí aláìní ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè ti í jáde níbẹ̀.

Ẹ wo Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sétí òkun l'Ékòó. Nígbà kan, òkun ń jẹ etíkun Bar Beach, omi sì ń ya wọ òpópónà Ahmadu Bello. Ìjọba bá akọ́létà ṣàdéhùn pé kó fi owó ara rẹ̀ mọ odi òkúta dí òkun, kó kó yanrìn dí omi, kó sì ní ilẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀ láti tà. Ìlú tí 250,000 ènìyàn á máa gbé ni wọ́n wéwèé. Odi ni wọ́n béèrè, odi náà ni wọ́n ń rí gbà. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé kí apá kan nínú ilé ibẹ̀ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì, tíṣà àti agbálẹ̀, ẹni tó lè ti òkun sẹ́yìn kò ní sọ pé apá òun kò ká a.