Òróró Tó Gba Inú Iṣan Wọlé

"Ṣé ẹ ti só?" Ohun tí èmi nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tí wọ́n là níkùn láàárọ̀ nìyẹn. Àwọn ará ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lágbègbè Savalou àti Bantè tí mo ti ṣiṣẹ́, bí táífọ́ọ̀dù bá dá ìfun lu, tí dókítà rán an, ìfun á dákẹ́. Láyé ìgbà náà, oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu kí afẹ́fẹ́ tó jáde. Sérọ̀mù, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan, ló kù. Ìyá kan tẹjú mọ́ àpò omi tó ń kán tó-tó-tó, ó ní: "Bàbá, ṣé omi yìí náà lọmọ mi ó máa jẹ?" Ó mọ ohun tó ń sọ. Nínú lítà kan sérọ̀mù glúkóòsì 5%, ṣúgà 50 gíráàmù péré ló wà. Lítà mẹ́ta lóòjọ́ kò fún àgbàlagbà ní ìdajì agbára tó nílò.

Òróró ló lágbára jù, àmọ́ òun àti ẹ̀jẹ̀ kì í pò. Ní nǹkan bí 1656, Christopher Wren fi ọ̀pá ìyẹ́ da ọtí sí iṣan ajá ní Oxford, ajá yè é. William Courten wá da òróró ólífì sí ti ajá mìíràn. Èémí há a, ó kú. Ó di 1961 kí Arvid Wretlind ní Sweden tó fi pupa ẹyin lu òróró sójà títí ó fi funfun bíi wàrà, tí ẹ̀kán rẹ̀ kéré ju hóró ẹ̀jẹ̀ pupa lọ. Sójà o! Èyí tí àwọn obìnrin wa ń sè, tí wọ́n ń dín tà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá sójà lè mú kí ara tí abẹ ti kàn túbọ̀ gbiná. Bang àti Dyerberg, àwọn ará Denmark, ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ajẹja Greenland wò láyé 1970, wọ́n rí i pé ọ̀rá inú rẹ̀ yàtọ̀. Èyí darí ojú àwọn oníwádìí sí ọ̀rá ẹja: ní 1998, Jámánì fọwọ́ sí Omegaven, òróró ẹja fún iṣan. Amẹ́ríkà ò gbà á títí di 2018, àwọn ọmọdé tí oúnjẹ inú iṣan ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ nìkan ni wọ́n sì gbà á fún.

Ní ti àgbà tí wọ́n là níkùn, ìlànà àwọn dókítà Yúróòpù ní 2017 ni pé kí wọ́n ro òróró ẹja yìí wò fún kìkì ẹni tí kò lè gba oúnjẹ tó nípasẹ̀ ìfun. Mo bá wọn gbà á. Bí ìfun bá ti lè gbà á, kóòkó ṣíṣàn kò wọ́n, kì í sì í kó kòkòrò wọnú iṣan.