Igbó Olókun, Níbi Tí Ifẹ̀ Ti Ń Yọ́ Dígí

Nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó bá àwọn ènìyàn tó ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ Igbó Olókun, tí wọ́n sì ń tà á. Àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí dígí ti gbẹ mọ́ inú wọn pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, bó ti rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tó, kò gbà pé baba ńlá àwọn tó bá níbẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì ló tẹ̀dó síbẹ̀, pé Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àtẹnudẹ́nu tó sọnù, ni òun rí.

Àṣìṣe ńlá gbáà ni.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ń sọ pé dígí òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ ń rà, tí wọ́n ń yọ́ ọ láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìwádìí tí James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren gbé jáde ní ọdún 2006 ló kọ́kọ́ mi ọ̀rọ̀ náà tìtì: èròjà kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù tó wà nínú dígí Ifẹ̀ pọ̀ ju ti dígí Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá lọ, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Ní ọdún 2011 sí 2012, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ ní Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ló rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tó lé ní 800. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ dígí gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà lò kò jìnnà sílé. Yanrìn inú àpáta ilẹ̀ wọn ni, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi ìkarahun ìgbín kún un. Wọ́n mọ ìkòkò tí iná líle kò lè fọ́. Bí dígí bá ti rọ̀, wọ́n á fà á gùn bí okùn, pẹ̀lú ihò nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà kò tó mìlímítà 5: búlúù, àwọ̀ ewé, pupa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iyì wọn, kó wo ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957. Ìlẹ̀kẹ̀ bo àyà rẹ̀. Irú dígí yìí kan náà sì ti jáde nínú ilẹ̀ ní Gao àti Essouk, ní orílẹ̀-èdè Mali.

Ilé ti ń gba ilẹ̀ Igbó Olókun lọ́wọ́ igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ìpìlẹ̀ ní Ifẹ̀, bí ọkọ́ yín bá kan àfọ́kù ìkòkò tí dígí bo inú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nílùú, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ ti rí i hàn wọ́n.