Àwọ̀ ológbò kì í ṣe ìwà rẹ̀

Ológbò tó wọ́pọ̀ ní Ìlórò, Ìjerò àti Àrámọ̀kọ́ kì í ṣe irú Persia onírun gígùn tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́, tàbí Siam olójú búlúù tó fẹ́ràn ariwo. Onírun kúkúrú ni tiwa, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sì mọ eku pa. Òmíràn dúdú, òmíràn abilà. Aláwọ̀ mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ abo.

Àwọn kan ṣì ń pe dúdú ní àjẹ́, wọ́n a sì pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ọmọ ológbò tí wọ́n bá ń gbé mọ́ra láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ló ń mojú èèyàn, àwọ̀ yòówù kó ní. Ẹni tó bá pa ológbò dúdú, eku ló ṣe lóore.