Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin: Ọ̀rọ̀ lórí Hubert Ògúndé

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pé jọ sí Ọ̀fin yìí, àwọn baba wa ní òwe kan tí wọn kò fi ṣeré: Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ní òru tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ a máa jáde sí gbangba, a sì máa fi olówó, olóyè àti ọba ṣe yẹ̀yẹ́; nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín gbé irú ẹnu bẹ́ẹ̀ wọ inú gbọ̀ngàn Èkó. Ẹ ó gbọ́ ohun tí àwọn aláṣẹ, àti funfun àti dúdú, fi san án fún un.

Ọ̀sọ̀sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a gbé bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni baba rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ ṣe tíṣà, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta ni ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ eré. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ó sì ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì ní Gbọ̀ngàn Glover. Ìjọ yìí ni Josiah Òṣítẹ́lù dá sílẹ̀ ní Ògèrè, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ wa yìí, ní 1930. A kì í fi èyí yangàn tó bí ó ti yẹ.

Ní 1945 àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 40 ọjọ́, nítorí ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì kúrò níbi tí ó wà. Ògúndé sọ ọ́ di eré *Strike and Hunger*: ọba kan ń ni ènìyàn lára, ebi sì ń pa ìlú. Kò pe orúkọ gómìnà, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, ìjọba mú un, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ní ọdún kan náà ó ṣe *Human Parasites*, tí ó fi bú àṣejù aṣọ ẹbí. Èyí kan àwa ọmọ ìjọ ju gómìnà lọ. Bóyá nítorí náà ni a kò ṣe ń dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ó ṣe *Bread and Bullet* ní 1950. Ìjọba kò jẹ́ kí ó ṣe é ní Kánò.

Títí dé ibí yìí, a lè sọ pé òyìnbó kò mọ òwe wa. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa ọdún 1964? Ìjà ti pín ẹgbẹ́ Action Group sí méjì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, wà lẹ́wọ̀n. Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ògúndé ṣe *Yorùbá Ronú*, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà tí a sì sọ sẹ́wọ̀n. Kí a sọ òtítọ́, ẹ̀rín inú eré yìí kò pọ̀. Ọ̀fọ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ olúkúlùkù rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ó lè ṣeré ní Èkó, tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe é ní Ṣágámù, tàbí ní Ọ̀sọ̀sà níbi tí a bí i sí. Ó sì tún dá wọn lóhùn pẹ̀lú *Òtítọ́ Korò*.

Àwọn tí wọ́n fi òfin yìí dè é kì í ṣe àjèjì. Abẹ́ òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni a ti tọ́ wọn dàgbà.

Ní oṣù kejì ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba tí a sì pa Akíntọ́lá, Gómìnà Adékúnlé Fájuyì mú òfin náà kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Awólọ́wọ̀ jáde lẹ́wọ̀n. Ògúndé ń ṣeré lọ títí ó fi kú ní London ní oṣù kẹrin ọdún 1990.